Bí Ọmọ Ni Mo Ṣe Mú Un

Ẹ ti rí màdámù yìí rí. Bí kì í bá ṣe ní GRA Ìkẹjà, á jẹ́ ní Ọ̀pẹ̀bí tàbí ní Adéníyì Jones. Ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ńlá sọ́rùn, àdìrẹ ló sì máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀gá ni ní iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, òun ni wọ́n ń gbé máíkì fún kó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ obìnrin. Àwọn obìnrin tó ń ṣe káṣúà á dúró nínú oòrùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, nítorí súpáfáísọ̀ ń wò wọ́n.

Àmọ́ ilé ni kí ẹ ti lọ wò ó. Lára ògiri pálọ̀, níbi tí ojú kò ti lè fò ó, ni àwòrán náà wà nínú férémù aláwọ̀ wúrà: àwọn ọmọbìnrin dúdú tó ní ìyẹ́ lẹ́yìn. Iṣẹ́ Peju Alatise, obìnrin oníṣẹ́ ọnà, ni, Flying Girls, tó ṣe ní 2016. Ère ọmọbìnrin mẹ́jọ ni ojúlówó rẹ̀, wọ́n ga tó ọmọ gidi, wọ́n sì gbé e lọ sí Venice ní 2017, ọdún tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tó máa ń wáyé níbẹ̀. Ti pálọ̀ yìí kì í ṣe ojúlówó, ẹnikẹ́ni kò sì ní bú màdámù fún ìyẹn. Pálọ̀ ta ló fẹ́ gba ère mẹ́jọ? Fọ́tò ni wọ́n yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e lọ sí Ṣómólú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì. Kọ́bọ̀ kò kan ẹni tó ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń jà fún obìnrin ló ra ẹrù tí wọ́n jí lọ́wọ́ obìnrin. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, èyí tó jù ú lọ ń bọ̀.

Láyé àwọn ìyá wa, Tutu tí Ben Enwonwu yà ni ẹ̀dà rẹ̀ máa ń wà lára ògiri. Wọ́n ta ọ̀kan nínú ojúlówó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018, ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Àwọn tó gbé ẹ̀dà rẹ̀ kọ́ nígbà náà kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni: ọmọ ọba Ifẹ̀ tó rẹwà ni wọ́n fẹ́ máa wò, wọ́n sì ń wò ó. Wọn kò sọ pé ẹ̀rí ọkàn àwọn ni àwọn gbé kọ́.

Ní ti màdámù wa, kò lè dákẹ́ lórí Flying Girls rẹ̀. Àlejò kò tíì jókòó tán tí á fi bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ìtàn tó wà nídìí ẹ̀?" Kò ní dúró gbèsì. Á ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni, tí wọ́n fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó níbí. Ìyà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n lójú àlá, á bá ara rẹ̀ níbi tó ti lè fò. Ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Á fọwọ́ léyà. Lẹ́yìn náà á kọjú sí kíṣìnnì: "Bísí! Omi tútù dà? Àbí o ti kú síbẹ̀ ni?"

Bísí á gbé tíréè jáde. Kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Bísí kọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ tó gbé wá láti ìkọjá Sẹ̀mẹ̀ ni màdámù kò lè pè, ló bá fi orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tó lọ ṣáájú pè é. Àlejò á wo Bísí, á wo ògiri, á gba omi, á mu ún.

Bí ẹ bá bi í, ẹ ti mọ èsì. "Hà, bí ọmọ ni mo ṣe mú un o!" Ó dáa. Ọmọ tó bí ń jí láago mẹ́fà ààbọ̀. Èyí tó mú bí ọmọ ti jí láago mẹ́rin ààbọ̀, ó ti gbálẹ̀, ó ti fọ mọ́tò, ó ti lọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ. Ọmọ ń lọ síléèwé olówó gọbọi. Bí-ọmọ ń bá a gbé báàgì dé ẹnu géètì, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀ parí sí. Ọmọ ní yàrá, bí-ọmọ ní ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríjì. Ọmọ ń jẹ itan adìẹ. Bí-ọmọ ń jẹ ọrùn rẹ̀, nínú abọ́ onírọ́bà tí wọn kì í kó mọ́ àwo ilé. Ọmọ fọ́ gíláàsì, wọ́n ní "Pẹ̀lẹ́, ṣé kò gé ẹ lọ́wọ́?" Bí-ọmọ fọ́ ọ, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀, owó tí agẹ́ńtì ń wá gbà, tí òun kò fojú kàn rí. Ọmọ ta ló ń gba owó oṣù nílé ìyá rẹ̀?

"Mọ́mì ló ń pè mí." Màígàdì náà ń pè é ní mọ́mì, kò sì sọ pé òun lòun bí i. "Ìyá ẹ̀ ló bẹ̀ mí." "Ebi ì bá ti pa á lábúlé." Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bísí á gun àga láti nu férémù náà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan ojú àwòrán, torí ó wọ́n.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé wà ní Nàìjíríà láti 2003, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, a kò sì gbọdọ̀ gbà á síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àti ẹbí rẹ̀. Màdámù mọ̀ ọ́n. Ó ti ka òfin náà sétí àwọn káṣúà rí, pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́. Àìmọ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Ìkà ni, ó kàn fi férémù sí i.

Bí ẹ bá délé rẹ̀, ẹ má yin àwòrán. Ẹ bi í níbi tí ọmọ náà ti lè gbọ́: kí lorúkọ tí bàbá ọmọ yìí sọ ọ́, ìwé kẹlòó ló sì wà?