Tiafoe, Ọmọ Sàró: Ariwo Rẹ̀ Pọ̀ Ju Ife Lọ

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló kan ará Ìkọ̀lé nínú ọ̀rọ̀ Frances Tiafoe, agbá-tẹníìsì ará Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n tètè fèsì. Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ti Sàró padà sí Èkó ló sì wà nídìí ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa nígbà tí a ń bá Ìbàdàn jà, ìbọn tí ìró rẹ̀ sọ ogun náà ní Kírìjì. Gbèsè Sàró ń bẹ lọ́rùn wa. Ọmọ Sàró tó bá ń gbá tẹníìsì, tiwa ni, ẹni tó bá sì jẹ́ tiwa, a láṣẹ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ká tó bú u, ẹ jẹ́ ká kí baba rẹ̀. Ó wà lára àwọn lébìrà tó kọ́ ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹníìsì kan ní College Park, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní 1999. Wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n ní kó máa tọ́jú ibẹ̀, wọ́n sì fún un ní yàrá ọ́fíìsì kan. Inú yàrá yẹn lòun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń sùn ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, nígbà tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru. Ìbejì ni Frances, Franklin ni èkejì rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìbejì ń jẹ. Ṣùgbọ́n ní 2022, Wayne Ferreira, ọmọ South Africa tó ń kọ́ ọ nígbà náà, figbe ta létí àwọn oníròyìn pé midinmídìn, ṣokoléètì àti bisikíìtì ni bọ̀ọ̀dá yìí fẹ́ràn. Ẹ gbọ́! Ọmọ tí ẹ̀wà tọ́ sí!

Ẹ wá wo bó ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù. Yóò ká apá mọ́ra, yóò yí ọrùn ọwọ́, yóò wá já rákẹ́ẹ̀tì gbà lójijì bí ẹni ń lé eṣinṣin lórí àwo ọbẹ̀. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ń wọlé! Tó bá wá sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ a dẹ̀, a mọ́gbọ́n wá. Kò kúkú sí ẹni tó ní kò mọ̀ ọ́n gbá.

New York, níbi ìdíje US Open, ni wàhálà rẹ̀ wà. Tílẹ̀ bá ti ṣú níbẹ̀, tí èrò kún, Tiafoe a di iwin. Ní 2022 ó lu Nadal, ẹni tó ti gba ife Grand Slam 22, ó lu Rublev tẹ̀ lé e, ìyàwó Obama sì wá jókòó wo ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún gbáko, Alcaraz lù ú. Ní 2024 ó tún dé ibẹ̀ yẹn, ó ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì, Fritz gba ẹyọ kan. Ara kọ̀ fún un. Fritz gba ìkẹrin, ó wá fi 6-1 parí ìkarùn-ún. Kírìjì kò ní aṣẹ́gun ní tirẹ̀, Òyìnbó ló bá wa là á ní 1886. Ogun Tiafoe máa ń ní aṣẹ́gun: ẹnì kejì ni.

Títí di òpin 2025, ife mẹ́ta péré ló wà nílé rẹ̀: Delray Beach ní 2018, Houston àti Stuttgart ní 2023, ọdún tó wọ àárín ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ó padà sí Houston ní 2024 àti 2025, ó dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó sì fún wọn ní ife wọn padà. Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tiwa, tó ti Èkó lọ kàwé ní Houston yẹn kan náà, fi sẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀ ní Wimbledon 1983 kó tó wá lu Vilas. Ẹyọ ife kan ṣoṣo lòun náà gbà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fún un ní yàrá ọ́fíìsì?

Wọ́n ní kò pẹ́ jù fún Tiafoe. Mo gbà. Ìsàn kò jìnnà síbí: Fáyẹmí ọmọ ibẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdìbò gómìnà Èkìtì ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ní 2014, ó sì padà wọlé ní 2018. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló kọ́kọ́ gbé e dé orí àga ní 2010, tó yọ Ṣẹ́gun Òní ọmọ Ìfàkì. Tẹníìsì kò ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Lórí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú pápá, adájọ́ tó jókòó sórí àga gíga ni òpin ẹjọ́, òun gan-an sì ni Tiafoe bú ní Shanghai ní 2024, kó tó wá tọrọ àforíjì.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ní New York, ó lè tún dé ibi tó máa ń dé. Ife Grand Slam, ó di ọjọ́ tí Alcaraz àti Sinner bá jọ jẹ ùyán yó ní Ìdó kí wọ́n tó wọ pápá. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, mo mọ̀ pé ẹ ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ kọ́kọ́ san owó ilé yín.