Tanímọ̀la àti Búrẹ́dì Ọdún Àjíǹde

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ n sọ ti Màmá Alájá fún yín. Èyí tó ń gbé nítòsí Parsloes Park, ní Dagenham ní London níbí, ni mò ń wí o. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n: àwọn tó máa ń ró ìró lé ṣòkòtò nítorí òtútù, tí wọ́n á tún wá dé fìlà onírun lé e.

Ọmọ wọn obìnrin ló ra ajá, ló bá gba yunifásítì lọ, ó ní òun ń bọ̀. Bí ajá ṣe di ti Màmá nìyẹn. Wọ́n ní kò burú, wọ́n sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ rántí pé àwọn bàbá wa máa ń fi orúkọ ajá pòwe sí aládùúgbò? Ta ni Màmá ń pòwe sí? Èmi ò mọ̀ o. (Mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Bàbá òyìnbó tó múlé tì wọ́n, tó ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford, kò rí i pè. "Tanny" ló ń pè é, ajá ọ̀hún náà sì ń jẹ́ ẹ!

Nílé wa lọ́hùn-ún, ta ní ń bi ajá léèrè ohun tó fẹ́ jẹ? Ẹ̀bà tó ṣẹ́kù, eegun lórí ẹ̀, ó parí. Èso ni Tanímọ̀la yàn láàyò ní tiẹ̀. Pè é títí ní Parsloes, kò gbọ́. Bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ti dé. Bí Màmá bá ti ọjà East Street ní Barking dé, òun ló ń kọ́kọ́ yẹ àpò wò.

Ẹ wò ó, ṣé ẹ rántí káńsù wa ní Barking àti Dagenham lọ́dún 2015, tí wọ́n ní àwọn máa gba itọ́ ajá fún àyẹ̀wò DNA, kí wọ́n lè mọ ajá tó yàgbẹ́ sójú ọ̀nà? Lọ́dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹ̀ ní gbogbo UK! Màmá ní bí wọ́n bá yẹ ti Tanímọ̀la wò, máńgòrò ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ọdún Àjíǹde. Màmá gbé búrẹ́dì wẹ́wẹ́ alágbèélébùú yẹn, tí wọ́n ń po àjàrà gbígbẹ mọ́, sórí àpótí, wọ́n bá gbé fóònù. Ẹ mọ̀ pé bí Màmá bá ti gbé fóònù, ọbẹ̀ á tutù. Kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, abọ́ ti mọ́ fónífóní. Màmá bú sẹ́rìn-ín: "Ajá mi ti di onígbàgbọ́!"

Àfi bí bàbá òyìnbó ṣe figbe ta láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó ní àjàrà, tútù o, gbígbẹ o, májèlé ni fún ajá, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ ajá tó máa mú: ọ̀kan lè jẹ odindi ṣírí kó máa fò kiri, òmíràn á jẹ díẹ̀, ó di wàhálà. Àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà ń fura sí ásíìdì kan tó wà nínú àjàrà, tó tún wà nínú àjàgbọn. Bàbá pe Animal PoisonLine kíá, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè bí ẹran ọ̀sìn bá jẹ májèlé. Wọ́n ní kí Màmá má dúró de àmì kankan, kí wọ́n máa sáré gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà gún Tanímọ̀la lábẹ́rẹ́, ajá bi gbogbo ẹ̀. Iye owó ńkọ́? Màmá ò sọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi wọ́n, "Jésù ń gbọ́" ni wọ́n ń wí.

Ní báyìí, Màmá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ápù, ẹ yọ kóró inú ẹ̀. Wọ́tàmẹ́lọ̀n, ẹ ṣa kóró, ẹ bó èèpo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìwọ̀nba, nítorí ṣúgà. Máńgòrò dára, ṣùgbọ́n kóró ẹ̀ lè há lọ́fun tàbí kó dí ìfun. Nítorí náà, Màmá máa ń fọ̀bẹ gé ẹran máńgòrò jẹ́jẹ́ sínú abọ́ Tanímọ̀la, wọ́n á wá gbé kóró fún Dádì, ọkọ wọn. Dádì ní kí n bá àwọn bi yín: nínú àwọn àti ajá, ta ni baálé?