Alátùn-únkọ

Kí ẹ tó kí i tán ni yóò ti sọ fún yín pé òun ò lọ́gàá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ronú eré rẹ̀, òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń gbé e tà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, àwòrán dírágónì wà níwájú ẹ̀wù rẹ̀, dáìsì sì ń dún wọrọwọrọ nínú àpò kékeré tó so mọ́ ìbàdí. Ẹ óò bá a ní Indianapolis nígbà Gen Con, àpéjọ ńlá àwọn eléré orí tábìlì ní Amẹ́ríkà; ẹ óò bá èkejì rẹ̀ ní Birmingham nígbà UK Games Expo. Ohùn wọn ò jọra, àmọ́ àròyé kan náà ni wọ́n ń ṣe: ẹ̀dà tuntun ti dé, àwọn sì gbọ́dọ̀ tún ìwé kọ. Alátùn-únkọ ni mo ń pe irú wọn.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí, kì í ṣe lúdò o. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni yí pátákó po. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká, ọ̀kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á di akọni inú ìtàn náà: oṣó, jagunjagun, olè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Kálukú á sọ ohun tí akọni tirẹ̀ fẹ́ ṣe, bí ọ̀rọ̀ bá sì dójú ẹ̀, dáìsì olójú ogún ni yóò dájọ́. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé Dungeons & Dragons, bàbá gbogbo wọn, jáde ní ọdún 1974.

Ìwé Alátùn-únkọ dá lórí ìlú kan tó rì sínú òkun tòun ti ọba, ìjòyè àti ọjà rẹ̀. Èrò tó dáa ni, n ò ní purọ́. Ó bọ́ sí i ní kété tí Wizards of the Coast, tó ti ra ilé-iṣẹ́ tó ni Dungeons & Dragons ní 1997, gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní 2000, tí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ kan tì í lẹ́yìn pé ẹnikẹ́ni lè mú egungun òfin eré náà, kó fi kọ ìwé tirẹ̀, kó sì tà á láìsan kọ́bọ̀ fún wọn. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di 2003, ilé-iṣẹ́ náà tún òfin ọ̀hún ṣe, wọ́n pè é ní 3.5, ìwé àtijọ́ sì há sí ọ̀pọ̀ àwọn atẹ̀wé kéékèèké lọ́wọ́. Páálí tirẹ̀ wà ní gáréèjì. Kò sunkún. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó tún ri ìlú náà bọ inú òkun. Ní 2008, ẹ̀dà kẹrin dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tún rì í. Ẹ̀dà karùn-ún dé ní 2014. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú náà.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Nínú òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ohun tí wọ́n ń pè ní race tẹ́lẹ̀, ìyẹn bóyá èèyàn ni akọni tàbí iwin, ti di species. Àfikún máàkì agbára tí akọni ń jogún láti ibẹ̀ ti kúrò, ó ti bọ́ sọ́dọ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó di akọni. Ẹni tó bá fẹ́ mu oògùn ìwòsàn lójú ìjà, odindi ìgbésẹ̀ kan ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan. Ní báyìí, ìgbésẹ̀ kékeré ti tó, ó lè mu ún tán kó sì tún ju idà. Alátùn-únkọ mọ gbogbo èyí lórí, bẹ́ ẹ bá sì jókòó tì í, ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí kọ̀ǹpútà wá race níbikíbi tó bá fara pa mọ́ sí, kó fi species rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò janpata. Láàfin ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí terrace wà tẹ́lẹ̀, terspecies ló wà níbẹ̀ báyìí; olorì tó yẹ kó embrace ọmọ rẹ̀ tó ti sọnù, ó kàn embspecies rẹ̀ ni, omi sì bọ́ lójú àwọn ìjòyè. Ẹ má tíì fi í rẹ́rìn-ín jù. TSR tó kọ́kọ́ tẹ Dungeons & Dragons ṣe irú ẹ̀ nínú Encyclopedia Magica ní àwọn ọdún 1990: wọ́n fẹ́ kí wizard gba ipò mage, ni damage bá di dawizard káàkiri ìwé. Títí dòní, bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa àgbà kan nínú eré yìí lẹ́rìn-ín, ẹ kàn sọ dawizard sí i létí.

Àwọn ohun tó yẹ ní títúnṣe ńkọ́? Máàpù ààfin ní ilẹ̀kùn méjì tí wọn ò já síbì kankan láti ẹ̀dà àkọ́kọ́. Orí keje dánu dúró láàárín gbólóhùn. Ẹja oníwo tó ń ṣọ́ ẹnubodè ń jẹ́ orúkọ kan lójú ewé ogún, ó ń jẹ́ òmíràn lójú ewé ogójì. Àwọn tó ra ìwé ti fi tó o létí. Ó ní òun máa bójú tó o, kóun kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oògùn ìwòsàn ná.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ìwà rẹ̀ fojú hàn jù lọ. Àṣírí tú síta pé Wizards fẹ́ fagi lé ìwé àṣẹ àtijọ́, pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá ju 750,000 dọ́là lọ lọ́dún yóò máa san ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá lé. Alátùn-únkọ, tí owó ìwé rẹ̀ lọ́dún ò ra táyà mẹ́rin, ló bínú jù. Ó búra pé òun àti wọn ti parí. Àwọn atẹ̀wé eré kan, Kobold Press, bẹ̀rẹ̀ òfin tiwọn, èyí tó wá di Tales of the Valiant. Paizo, atẹ̀wé eré mìíràn, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ jọ, wọ́n ṣe ìwé àṣẹ mìíràn tí wọ́n pè ní ORC. Òun náà kéde pé òun máa kọ òfin tòun láti ìpìlẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Wizards ti sá sẹ́yìn, wọ́n ti fi egungun òfin ẹ̀dà karùn-ún, tí wọ́n ń pè ní 5.1, sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tí wọn ò lè gbà padà mọ́. Òfin tirẹ̀ ti dé ojú ewé kẹrin. Ibẹ̀ náà ló wà títí di oṣù kẹrin 2025, tí 5.2, ti òfin 2024, jáde lábẹ́ àṣẹ kan náà, tí òun náà sì tún fò mọ́ ọn.

N kì í gbọ́ kó máa kéde òmìnira rẹ̀ kí n má rántí elégbè tó ń bú ẹni tó ń dárin, àmọ́ tí kò ní lanu títí ẹni yẹn á fi dá a. Kò sì sẹ́ni tó fi ipá mú un. Òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kì í dáàbò bo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe eré. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ gbé e kalẹ̀ ló ń dáàbò bò. Àwọn kan sì ti dá tiwọn ṣe. Vincent Baker àti Meguey Baker gbé Apocalypse World jáde ní 2010, dáìsì olójú mẹ́fà méjì péré, òfin tiwọn; lónìí, àwọn ẹlòmíì ló ń yá a lò lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún Alátùn-únkọ, á mi orí. “Ó dáa, ó dáa gan-an. Àmọ́ ẹ wo iye èèyàn tó ń ṣe ẹ̀dà karùn-ún.” Kò parọ́ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìwé. Bí kò bá rí i pé ó bá ẹ̀dà òde òní mu, ó ti kọjá sí tábìlì kejì.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe eré náà nílé rẹ̀. Ìwé 2014 ni wọ́n ń lò, wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí rẹ̀ títí tí àyè fi tán. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mu oògùn, apìtàn á ní kó mu ún, á mu ún, ó tán. Òun kì í bá wọn ṣe é mọ́. Ó jókòó síkàngun pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè irú ìgbésẹ̀ tí ìyẹn jẹ́.

Níbi àpéjọ, ẹni tó ti ra ìwé rẹ̀ rí á bi í bóyá tòun ṣì máa bá òfin tuntun lọ. “Ó bá a lọ pátápátá,” ni yóò wí, ohun tí Wizards náà ń sọ nípa tiwọn. Lẹ́yìn náà ni yóò fi odindi wákàtí ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí onítọ̀hún ra tuntun, ẹni náà á sì rà á kó lè ráyè lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ káwọn kó páálí kúrò ní gáréèjì, pé ìta ni mọ́tò ń sùn láti ìgbà tí Bush ti ń ṣe ààrẹ.

Ó ní kó má dán an wò. Ìwé yẹn ti di ohun àtijọ́, àwọn tó ń ṣa irú ẹ̀ jọ máa tó fowó gidi wá a wá.

“Ìgbà wo?”

“Tí ẹ̀dà kẹfà bá ti dé.”