Alájẹkì Tí Mo Fowó Mi Rà

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Líkòsì kò ju ìwé títẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ sìnkú bàbá rẹ̀ á wá bá mi fún ìwé ètò ìsìnkú. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣágámù á gbé e tọ̀ mí wá. Ọmọ tó ń wáṣẹ́, èmi ni mò ń tẹ CV rẹ̀, tí a ó sì jọ máa wá ohun tí a lè kọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ìrírí. Microsoft Word ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Bí àwòrán olóògbé bá pọ̀, mo máa ń ṣí CorelDRAW. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó ní kí n lọ ra láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń to sinimá pọ̀, síbẹ̀ òun gan-an ni mo lọ rà.

Àbúrò ìyàwó mi ló ti ọ̀rọ̀ náà sí mi létí. Ìkòròdú ló ń gbé, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. "Bùrọ̀dá," ó ní, "ẹ má ra i3 o. Ẹ má ra i5 pàápàá. i7 ni kí ẹ béèrè, kí wọ́n má baà fi yín ṣe ará oko." Ará oko! Ọmọ Rẹ́mọ ni mí o. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1909, kí ọmọ kékeré wá máa fi wá ṣe ará oko? Inú bí mi dé Ìkẹjà.

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Ògijó dé Ìkòròdú, tó gba Mile 12 àti Kẹ́tù kọjá nínú oòrùn, nígbà tó bá fi máa dé Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ara rẹ̀ á ti wó débi pé èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi hàn án ni yóò mú. Ilé gbígbé làwọn òpópónà yẹn tẹ́lẹ̀, kí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tó kó wọbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Computer Village. Ọmọkùnrin tó dá mi dúró níbẹ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ṣí sinimá, ó ṣí eré ọkọ̀ tó ń sáré, ó tún ṣí òmíràn lé wọn lórí. Ẹ̀rọ náà kò mikàn. Iná pupa ń tàn lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀.

"Daddy, i7 lèyí o. Kọ́ọ̀ mẹ́rin ló ní. Káàdì àwòrán rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀."

"Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?"

"Wákàtí mẹ́rin, Daddy."

Mi ò lè pè é ní òpùrọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kí bátìrì náà ti gbé wákàtí mẹ́rin rí, nígbà tó wà ní tuntun lókè òkun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ìyẹn nìkan ni ìbéèrè tí mo bi í nípa bátìrì. Ìyókù àkókò náà, iye owó la fi ń fa ara wa. Nígbà tó gbé ṣájà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, apá mi wálẹ̀. Wọ́n kọ 180W sí i lára. Mo ní áà, èyí lágbára. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n kà, ara ẹ̀rọ náà ló wà, ojú mi ni kò dé ibẹ̀. Orúkọ prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni i7 yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà wà, lẹ́yìn nọ́ńbà ni lẹ́tà wà, lẹ́tà yẹn ló sì mọ̀ bóyá ẹ ó sùn nínú òkùnkùn. Lára prọ́sẹ́sọ̀ Intel ìgbà yẹn, èyí tó bá ní U, wáàtì 15 ni wọ́n ṣírò fún un. Èyí tó bá ní HQ, wáàtì 45. HQ ni tèmi. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé i7 tí mo fẹ́ kú lé lórí yẹn kò ní ìtumọ̀ kan tó dúró sójú kan: i7-6500U ní kọ́ọ̀ (apá tó ń ṣe ìṣirò) méjì péré, nígbà tí i5-6300HQ ní mẹ́rin. Àwọn méjèèjì jáde ní 2015, ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ṣe wọ́n. Àbúrò ìyàwó mi kò sọ ìyẹn fún mi. Mo rò pé òun náà kò mọ̀.

Mo wá wo ara bátìrì: 48 Wh. Ìyẹn ni pé bí ohun kan bá ń jẹ wáàtì 48 láìsinmi, wákàtí kan ni yóò fi jẹ ẹ́ tán. Prọ́sẹ́sọ̀ nìkan lè gba 45 nínú rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́ kára, kí a tó dé orí ojú kọ̀ǹpútà, káàdì àwòrán àti fáànù. Ọkùnrin mẹ́fà tí ebi ń pa ló yí abọ́ ìkòkoré kan ká. Kí n má parọ́ mọ́ ọn ṣá o: bí ènìyàn bá ń tẹ lẹ́tà lásán, prọ́sẹ́sọ̀ kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀, yóò rọra tòògbé títí iṣẹ́ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n káàdì àwòrán tèmi kì í fẹ́ sùn, fáànù sì ń bá a ṣàìsùn. Ẹ tún gbọ́ èyí: bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti kúrò lórí iná, púpọ̀ nínú wọn ló ń dín eré ara wọn kù kí bátìrì má baà tán kíá. Eré tí mo torí rẹ̀ sanwó yìí, ìgbà tí iná bá wà nìkan ni mo ní in. NEPA ló ni i7 náà, kì í ṣe èmi.

Iná ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fi kún owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Lẹ́yìn wọn ni B tó jẹ́ 16, C tó jẹ́ 12, D tó jẹ́ 8, títí dé E, oníwákàtí 4. Mi ò ní sọ èyí tí àdúgbò wa bọ́ sí. Ẹni tó bá sùn létí ilé wa lóru ọjọ́ kan, jẹ́nẹ́ yóò sọ fún un.

Ìpàdé ẹbí ni ẹ̀rọ náà ti tú mi láṣìírí. Èmi ni akọ̀wé. Mo ti kó ìwé forty leaves tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ sí jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé láptọ́ọ̀pù ka orí tábìlì bí akọ̀wé ìjọba. Iná pupa ń tàn, fáànù ń kùn. Ìyá àgbà kan béèrè ta ló tan jẹ́nẹ́ sínú ilé. A ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, a fọwọ́ sí i, ó wá ku orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ìsìnkú. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo gbọ́ ikọ́ àbúrò bàbá mi kan, tí gbèsè tirẹ̀ ti hu irùngbọ̀n. Mo la ohùn: "Àwọn tó jẹ gbèsè nìwọ̀nyí…" Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Olórí ẹbí ní, "Akọ̀wé, máa bá a lọ."

"Ó ti kú, Bàbá."

"Ta ló kú?"

Àwọn obìnrin méjì ti gbé ọwọ́ lé orí kí n tó ṣàlàyé pé bátìrì ni. Àbúrò bàbá mi dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ń bo àṣírí?" Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe àmín, mo sì mọ gbogbo àwọn tó ṣe é, nítorí pé orúkọ wọn ló wà nínú ẹ̀rọ tó kú. Ìyá àgbà wá kọjú sí mi: "Ìwé tí a rà fún ọ ńkọ́? Ṣé òun náà máa ń kú ni?"

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú láti wá iná fún un ní tipátipá. Mo yá ínfátà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì ọkọ̀. 150W ni wọ́n kọ sí i. Mo ti ṣájà oníwáàtì 180 bọ̀ ọ́, mo tan CorelDRAW. Ínfátà náà ké wíí wíí, ó pa ara rẹ̀. Mo tún tàn án. Ó tún ké. Èmi tí mo ń bá ọmọ tó ń wáṣẹ́ tẹ CV, mi ò mọ̀ pé 180 ju 150 lọ.

Ọmọ kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ṣágámù ló wá fi ohun tó yẹ kí n ti béèrè ní Ìkẹjà hàn mí. Ó ṣí ojúewé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows, ó tẹ powercfg /batteryreport, ìwé kan sì jáde. Iye tí bátìrì náà lè gbà nígbà tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀. Iye tó ń gbà báyìí wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì tó ìdajì. Bátìrì lithium-ion a máa darúgbó bí a bá lò ó, a sì máa darúgbó bí a ò bá lò ó. Ooru ni kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé. Sony ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní 1991, wọ́n sì fún Goodenough, Whittingham àti Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2019. Ẹ̀bùn náà tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó bá mi dé ìpàdé ẹbí.

Mo pààrọ̀ bátìrì náà, mo wá ní kí n fi èyí tó kú rí owó díẹ̀. Ní Ògijó nítòsí wa, a mọ àwọn tó ń yọ́ irin, a sì mọ àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀. Ọkùnrin oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kan ń ti ọmọlanke kọjá, mo pè é. Ó gbé bátìrì mi sọ́wọ́, ó sọ ọ́ sókè díẹ̀, ó gbé e padà fún mi. "Alàgbà, òjé là ń wá. Èyí ò ní òjé." Ó wo inú yàrá mi. "Ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́?" Mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Rárá. Mo sá fún wáàtì títí mo fi kọjá ààlà. Láptọ́ọ̀pù kejì tí mo rà, Celeron N3060 ló wà nínú rẹ̀, oníwáàtì 6. Kò ní fáànù. Bátìrì rẹ̀ ń gbé ọjọ́ kan mọ́jú. Mo gbé e dé ìpàdé, mo ka orúkọ àwọn onígbèsè láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi dùn. Ìgbà tí iṣẹ́ dé ni mo rí ìdààmú. Mo ṣí ìwé ìsìnkú kan tí àwòrán kún inú rẹ̀, mo lọ jẹun, mo padà wá, ó ṣì ń ṣí. Bátìrì rẹ̀ kò tán. Sùúrù oníbàárà ló tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni iná tí mo rò pé mò ń tọ́jú, ojú kọ̀ǹpútà ń jẹ ẹ́ ní gbogbo àkókò tí mo fi ń dúró. Prọ́sẹ́sọ̀ tó yá, tó parí iṣẹ́ kíá tó sì lọ sùn, nígbà mìíràn òun ló ń jẹ iná díẹ̀ ju èyí tó ń fi gbogbo ọ̀sán wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tó ti pa mí lára gan-an nìyí. Mo ń to orúkọ àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ sáyé lọ. Mo da orúkọ ìyàwó rẹ̀ kọ láti ojúewé mìíràn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀; kò jáde. Mo tún lẹ̀ ẹ́; kò jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́nẹ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò ti ń fẹ́ kú, mo dìde lọ pe àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn mi. A tẹ ìwé náà jáde láìtún un wò. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí wọ́n ka ìtàn ayé bàbá, gbogbo ìjọ gbọ́ pé ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀: Ìyá Táíwò, Ìyá Táíwò àti Ìyá Táíwò. Opó náà yọ aṣọ kúrò lójú, ó wá mi rí láàárín èrò. "Akọ̀wé," ó ní, "àwa mélòó la wà?"

Ẹ̀kẹta tí mò ń lò báyìí, i5-8250U ni. Ní 2017 ni Intel gbé e jáde. Wáàtì 15 náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí kọ́ọ̀ mẹ́rin kó sínú rẹ̀. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 65W, ínfátà kékeré yẹn kò sì ké mọ́. Kí n tó sanwó, mo ní kí ọlọ́jà tẹ powercfg lójú mi. Ó wò mí bíi pé mo mọ nǹkan, mo sì jẹ́ kó máa wò bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé Apple ti gbé prọ́sẹ́sọ̀ M1 jáde láti 2020, tó ń sáré tí kò sì ní fáànù nínú MacBook Air, tí wọ́n sì ní ó lè fi wákàtí 18 wo sinimá. Àbúrò ìyàwó mi ti ní kí n lọ rà á. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ rà á fúnra rẹ̀.

Alájẹkì àkọ́kọ́ ti rí ọkọ. Ọmọ àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbèsè rẹ̀ hu irùngbọ̀n, ló rà á, ó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Ṣágámù. Iná oòrùn wà lórí ilé rẹ̀, kì í sì í gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí tábìlì. Ó ní kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀, mo sì gbà fún un. Ìdajì owó ló san. Ìyókù, ó ní òun yóò mú un bọ̀ ní ìpàdé ẹbí. Ó ti jọ bàbá rẹ̀. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nínú ìwé forty leaves.