Kò Jẹ Ọlọ́run ní Kọ́bọ̀

Láàárín Igbóbì sí Ṣómólú ní Èkó, kò sí ẹni tí kò mọ Ọ̀gá Díákónì. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ènìyàn kan ṣoṣo kọ́. Ó wà ní Fádèyí, ó wà ní Onípáánù, ó wà ní Bàrígà, ní ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yòówù tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí aráalé sùn. Kàlẹ́ńdà, ìwé òkú, káàdì ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, kò sí èyí tí kì í tẹ̀. Àmọ́ ẹ bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kò ní dárúkọ ẹ̀rọ. Yóò ki ọwọ́ bọ àpò àyà, yóò yọ káàdì ìdámẹ́wàá rẹ̀ síta, yóò ní, "Ẹ wò ó, láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, mi ò jẹ Ọlọ́run ní kọ́bọ̀."

Òótọ́ sì ni. Oṣù méjèèjìlá ló ní òǹtẹ̀ ìjọ àti ìbuwọ́lùwé akápò. Ti èṣí wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi ọ̀rá bò ó kí ínkì má baà ta sí i. Ti àwọn ọdún tó ṣáájú náà tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, àlejò kò sì ní jókòó tán kí ó tó fi hàn án.

Ìwé gbèsè ni kò sí lára ògiri. Ìyẹn wà nínú orí àwọn tó jẹ lówó. Ìyá olóúnjẹ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn mọ tirẹ̀: ìrẹsì àti ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ta bébà fún un mọ tirẹ̀. Ẹni tó ń bá a ṣe pléètì ti yí ọ̀nà tó ń gbà lọ sílé padà, ó ní bí òun bá rí ọ̀gá, inú òun máa ń ru. Ilé ẹ̀kọ́ ti dá àbíkẹ́yìn rẹ̀ padà sílé lẹ́ẹ̀mejì ní sáà yìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kò tilẹ̀ kà á mọ́. Aláájì tó ni ilé ń retí owó ọdún kan ààbọ̀. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá yọjú, ohun kan náà ni yóò gbọ́: "Ẹ ní sùúrù, Ọlọ́run yóò ṣe é." Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti fi Olúwa ṣe onídùúró níbi tí Olúwa kò ti ya owó.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ká ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà 1,000 wá, wọ́n sì san 400,000 náírà lẹ́ẹ̀kan náà. Bébà, pléètì, ínkì, owó ẹni tó máa gé e, dísù tí jẹnẹrétọ̀ máa mu, gbogbo rẹ̀ yóò gba 340,000. Èrè tó kù jẹ́ 60,000. Ẹlòmíràn tó ń san ìdámẹ́wàá yóò mú 6,000 nínú èrè yẹn, yóò sì sùn fọnfọn. Ọ̀gá Díákónì kọ̀. Ó ní òun kò rí "èrè" nínú ìwé Málákì tó pàṣẹ ìdámẹ́wàá. Bí alẹ́ẹ̀tì bá ti dún lórí fóònù báyìí, 40,000 ti kúrò lórí owó náà kí wọ́n tó ra bébà kan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Owó bébà á wá dín. Nígbà mìíràn, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa rà, kàlẹ́ńdà náà á sì ti ya kí Ẹrẹ́nà tó wọlé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bébà nípọn, iye ni kò pé: 1,000 ni wọ́n san owó rẹ̀, 900 ni wọ́n kó délé. Ìyẹn ni pé àwọn ìyá ẹgbẹ́ yẹn, tí ìdajì wọn jẹ́ Mùsùlùmí, ti san ìdámẹ́wàá sí ìjọ tí wọn kò dé rí.

Òfin kan wà tí ó há sórí. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ọmọ iṣẹ́ kan fi ẹ̀rín mẹ́nu kàn án lọ́jọ́ kan. Kíá ni Ọ̀gá Díákónì dáhùn pé òfin náà kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lóòótọ́. Ẹni tó rí ibi tí òfin ìjọba ti yọ òun sílẹ̀, kò tíì rí ibi kankan tí ìdámẹ́wàá ti yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a fi ẹ̀fẹ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Kí ó tó di díákónì, kò mọ iye tó ń wọlé fún un. Owó ń wọlé lọ́sàn-án, ó ń gba ilé ọtí lọ lálẹ́. Ìdámẹ́wàá ló kọ́ ọ ní ìṣirò, torí ẹni tó máa yọ ọ̀kan nínú mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ mẹ́wàá. Títí di òní, káàdì yẹn nìkan ni àkọsílẹ̀ owó tí kò ní irọ́ nínú ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìwé mìíràn ni wọ́n ń kó fún agbowó-orí.

Owó náà sì ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà gé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ níka, ọjọ́ Ajé ni, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ti san ìdámẹ́wàá lánàá. Àwọn tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ ní ìjọ ló gbé owó ìtọ́jú wá. Wọn kò béèrè ìjọ tí ọmọ náà ń lọ, wọn kò sì gba owó náà padà. Ọ̀gá Díákónì ti jẹ́rìí nípa rẹ̀ láìmọye ìgbà: "Ìdámẹ́wàá mi ló gba ọmọ yẹn." Ẹ̀rí náà dùn. Ohun tí kì í fi kún un ni pé bí ó bá ti san owó oṣù mẹ́rin tó jẹ ọmọ náà, ọmọ náà ì bá tọ́jú ara rẹ̀, owó ì bá tún ṣẹ́ kù.

Àwọn ará Èkó àtijọ́ pàápàá fi owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọ, ó sì hàn. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay, àna Samuel Àjàyí Crowther, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, oníṣòwò J.P.L. Davies ló fún un ní 50 pọ́n-ùn láti ra ìwé àti ohun èlò. Bàrígà ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà lónìí. Igbobi College, tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní 1932, kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ìjọ òde òní náà ń kọ́lé: Yunifásítì Covenant ṣí ní Ọ̀tà ní 2002. Ọ̀gá Díákónì máa ń fi àwọn yunifásítì ìjọ yangàn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má bi í pé èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìwé kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọsibítù eegun tó wà ní Igbóbì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé lágbájá lọ Igbóbì, gbogbo wa mọ̀ pé eegun rẹ̀ ló dá. Lójú Ọ̀gá Díákónì, ìdámẹ́wàá ni lágbájá jẹ. Ajẹnirun inú Málákì ló gbé e débẹ̀. Mo rán an létí pé ní 1945 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, mo wá bi í bóyá ìdámẹ́wàá làwọn náà jẹ lójú ogun. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀kadà gbé òun fúnra rẹ̀ ṣubú ní Onípáánù, apá rẹ̀ dá. A lọ kí i ní wọ́ọ̀dù. Ó na apá tí wọ́n dì sókè, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Ọrùn ni ajẹnirun ń wá, ìdámẹ́wàá mi ló sọ ọ́ di apá." Bí ó bá rìn láìṣubú, ẹ̀rí ni, bí ó bá ṣubú, ẹ̀rí ni. Kí lẹ fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn lé lórí?

Àwọn ọmọ iṣẹ́ gbìyànjú. Ní 2017, nígbà tí Ifẹ́dayọ̀ Ọláríndé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí gbogbo ayé ń pè ní Daddy Freeze, ń pariwo kiri pé ìdámẹ́wàá kò kan Kristẹni, wọ́n gbé e sórí fóònù, wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè. Ọ̀gá ní, "Ìyẹn kì í ṣe pásítọ̀." Ó dáa. Ní 2022, Creflo Dollar, pásítọ̀ ńlá ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà l'Amẹ́ríkà, jáde lórí pẹpẹ, ó ní ohun tí òun ti ń kọ́ àwọn ènìyàn lórí ìdámẹ́wàá kò tọ̀nà, kí wọ́n kó ìwé àti téèpù òun lórí rẹ̀ dànù. Wọ́n tún gbé fóònù wá. Ọ̀gá wò ó títí dé òpin, ó ní, "Ó ti jẹun yó kó tó sọ bẹ́ẹ̀." N kò rí èsì fún ìyẹn.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń ṣọ́ bébà. Ríìmù kan, 500 ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, 500 gbọ́dọ̀ pé. Èyí tó bàjẹ́, wọ́n á kó o wá, ọ̀gá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á. Lọ́jọ́ tí mẹ́ta di àwátì, ilẹ̀ ṣú kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé. Ẹ bi ẹni yìí kan náà pé èló ni ìjọ rẹ̀ gbà lọ́dún tó kọjá àti pé kí ni wọ́n fi ṣe, yóò wò yín bíi pé ẹ bú ìyá rẹ̀. Nígbà tí Financial Reporting Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, gbé ìlànà jáde ní 2016 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, Ọ̀gá Díákónì gbààwẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá ìlànà náà dúró ní Ṣẹ́rẹ́ 2017, ó tẹ pósítà ìdúpẹ́, ó sì gba bébà rẹ̀ láwìn.

Òun náà ló ń tẹ àpòòwé ìdámẹ́wàá fún ìjọ. Wọn kò tíì san ti ọdún yìí, ti èṣí sì wà nílẹ̀. Akápò ní kí ó kà á sí irúgbìn. Ó ní àmín. Ó wá lọ ṣírò ìdámẹ́wàá owó tí wọn kò san fún un, ó dì í sínú ọ̀kan nínú àwọn àpòòwé náà, ó gbé e lọ fún wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ló kù díẹ̀ kí ó yí i lọ́kàn padà. Obìnrin náà kì í pariwo, Bíbélì ló ń kà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ka Deuterónómì orí kẹrìnlá sí i létí, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì àti ará ilé wọn jẹ ìdámẹ́wàá wọn níwájú Olúwa. Bí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n sọ ọ́ di owó, kí wọ́n fi ra ohunkóhun tó bá wù wọ́n, tó fi mọ́ wáìnì. Ní ọdún kẹta-kẹta, kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó wá jẹ, kí wọ́n sì yó.

"Dádì Tòmíwá, a kò tíì jẹ tiwa rí."

"Májẹ̀mú Láéláé nìyẹn."

"Málákì ńkọ́?"

Ó pa iná.

Aláájì onílé kò ka Málákì. Alẹ́ Sátidé ló wá, nítorí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ pé owó kì í la ọjọ́ Ìsinmi já nílé yìí. Wọ́n gbé àga fún un.

"Aláájì, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ní sùúrù, Ọlọ́run yóò ṣe é."

"Mo ti mọ̀ pé yóò ṣe é. Díákónì, àwa náà ń yọ zàkáà. Ìdá kan nínú ogójì ni tiwa, lára owó tó bá lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó jẹ gbèsè á kọ́kọ́ mú gbèsè kúrò. Kódà, nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Àlùkùránì ní kí a fún ní zàkáà, onígbèsè wà níbẹ̀."

Díákónì gbé orí sókè.

"Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá lè gba ṣàhádà kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, n ó bá Lèmọ́mù sọ̀rọ̀, a ó kọ orúkọ yín mọ́ àwọn onígbèsè. Wọ́n á fún yín lówó, ẹ ó sì fi san owó ilé mi."

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọ kíṣíìnì kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ọ̀gá Díákónì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀.

"Aláájì, ẹ̀sìn mi ni mi ò lè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní wọ́n fún mi lówó yẹn, ṣé kí n yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀ kí n tó san owó ilé ni, àbí lẹ́yìn tí mo bá san án tán?"