Eyín Kan Ṣoṣo Ni Mo Tọrọ

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará! Ẹni tó bá mọ ibi tí èèyàn ti lè fẹjọ́ mẹkáníìkì, ẹni tó ń ta páàtì àti ìyàwó ilé sùn lẹ́ẹ̀kan náà, kó júwe ibẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, ó ti gbé mi dé góńgó.

Máṣíìnì mi, alùpùpù tí mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ló ń pariwo. Kò bàjẹ́ o. Ọ́ìlì ò jò, èéfín ò jáde, ẹsẹ̀ kan ló ń dáhùn láàárọ̀. Àmọ́ bí mo bá ti kọjá Mọ́níyà, tí mo kọjú sí Ọ̀yọ́, tí ọ̀nà márosẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, tí mo ti kó sí jíà kẹrin tó jẹ́ àṣekágbá, kẹ́ ẹ wá gbọ́ igbe. Ẹsẹ̀ mi á máa wá jíà karùn-ún kiri, jíà tí wọn ò dá mọ́ ọn. Ọwọ́ á kú tipiri, dígí ẹ̀gbẹ́ á máa gbọ̀n títí tírélà kan ṣoṣo tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fi di mẹ́ta. Kí n tó dé Fìdítì, etí ti di. Bí wọ́n bá kí mi "ẹ kúuṣẹ́" nílé ìwé, "wọ́n ti jẹun" ni mo fi ń dáhùn.

Ohun tó fà á ò ju eyín lọ. Súpúrókẹ́ẹ̀tì kékeré kan, irin róbótó eléyín, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, abẹ́ ìdérí ló wà. Ńlá wà lára táyà ẹ̀yìn, ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Tèmi, eyín 14 ló wà níwájú, 42 ló wà lẹ́yìn, ìyẹn ni pé kékeré gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá sọ ti iwájú di 15, ìyípo 2.8 ti tó. Ẹ́ńjìnì tó ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, á rọra máa yí ní 5,600, eré tí mo ń sá ò sì ní dín. Ìyípo 400 ni mo jèrè ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, ó di 24,000. Pẹ̀lú bí epo ṣe wá di góòlù láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ni kò ní fẹ́?

N kò bínú sí àwọn tó ṣe máṣíìnì náà. Wọ́n mọ̀ wá. Wọ́n mọ̀ pé ìyálé, ọmọ méjì, àpò èlùbọ́ kan àti ewúrẹ́ lórí táǹkì ló máa gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wá fún un ní eyín tó máa fi lè ṣí kúrò lójú kan. Àmọ́ èmi tíṣà pẹlẹbẹ yìí, báàgì ìwé àti kúlà oúnjẹ ni ẹrù mi. Ìyà ewúrẹ́ tí n kò gbé ni mo ń jẹ láràárọ̀.

Ni mo bá gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi eyín kan kún ti iwájú." Baba gbé sípánà sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Tíṣà, ta ló rán yín? Àwọn èèyàn ń wá fi kún ti ẹ̀yìn kó lè máa fà, ẹ̀yin ẹ ní kí n sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Tẹ́ ẹ bá dé òkè Màpó, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ tì í."

Mo ní ẹ̀bá Màpó kọ́ ni mò ń gbà. Wọ́n ní ṣé n kò ní àna níbẹ̀ ni? Wọ́n pe àwọn ọmọṣẹ́ kí wọ́n wá wò mí.

Wọ́n tún ní aago eré á máa purọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ wáyà rẹ̀ títí dé táyà iwájú, mo ní, "Ọ̀gá, ibí ló ti ń ka eré, kí ló kàn án pẹ̀lú súpúrókẹ́ẹ̀tì?" Bó bá jẹ́ ti àwọn máṣíìnì tí aago wọn ń gba eré lára ẹ́ńjìnì ni, òótọ́ ni, eré tó kéré sí èyí tí èèyàn ń sá ni yóò máa kà. Baba wo wáyà náà pẹ́, wọ́n ní, "Wáyà yẹn gan-an ò dáa. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ìfà yẹn ò ṣófo. Bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìfà ló máa lọ, kílọ́ọ̀ṣì á sì jìyà díẹ̀ sí i nígbà tí èèyàn bá ń gbéra. Agbára ìfà yẹn náà la sì fi ń bá atẹ́gùn jà: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni atẹ́gùn fi ń taari ẹni padà. Ẹni tó bá fi eyín kún ẹ́ńjìnì kékeré ní àkúnjù, lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ kọjú sí i, jíà kẹrin á kọ̀, yóò padà sí kẹta, ariwo tó sá fún á tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹyọ kan. N kò ní mẹ́ta.

Ti ọlọ́jà páàtì ló tún burú jù. Mo ní iwájú nìkan ni mo fẹ́. Ó ní iwájú, ẹ̀yìn àti ṣéènì jọ wá láti ilé wọn ni, òun ò lè tú ẹbí ká. Bí ṣéènì bá ti nà, mo gbà fún un, nítorí á jẹ eyín tuntun run kíákíá. Àmọ́ ṣéènì mi ṣì ń dán! Páálí rẹ̀ ò sì kọ iye eyín síta. Ni mo bá fa ṣọ́ọ̀kì yọ lápò, mo sàmì sí eyín àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á níkọ̀ọ̀kan, gírísì dé ọrùn ọwọ́. 14. Òmíràn, 14. Òmíràn, 13. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ẹ mú 13. Bíi tírélà ló ń fà." Mo béèrè 39 fún ẹ̀yìn, tórí pé eyín mẹ́ta tá a bá yọ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹyọ kan tá a fi kún iwájú. Ó ní, "Ta ló ń wá kékeré?"

Mo délé, mo rojọ́. Ìyàwó mi ṣẹ́ ẹ̀fọ́ tán, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò wá lè máa rọra sáré ni?" Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́! Níbi tí tírélà ti ń fọn fèrè sí èèyàn nídìí!

Ẹ̀yin ọlọ́jà páàtì, mo bẹ̀ yín ní Ọlọ́run, ẹ máa kọ iye eyín sí ara páálí, kẹ́ ẹ sì máa ta ti iwájú lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní eléyín 15 tó ń lo ṣéènì oníwọ̀n 428, láti Òjòó títí dé Ọ̀yọ́, kó bá mi fi ẹyọ kan pamọ́. Owó ń bẹ lọ́wọ́ mi, n kò sì ní ná ọjà.