Àdán, Òòbẹ̀ àti Agolo Tábà

Àwọn baba wa, tí wọn kò lọ sí ilé ìwé kankan ju ilé ìwé ìrírí lọ, ni wọ́n sọ ọ́ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ohun mẹ́ta ni àwọn àgbà kó pamọ́ sínú rẹ̀: èkíní, pé dandan ni kí á rú ẹbọ náà, èkejì, pé ohun tí ó bá súnmọ́ ohun tí a ń wá ni a fi í rọ́pò rẹ̀, nítorí a kò tíì gbọ́ kí babaláwo ní kí wọ́n mú alángbá wá dípò àdán, ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe kókó jù, pé ẹni tí ń rúbọ mọ ohun tí ó ń tọrọ. Ayé òde òní ti yí òwe yìí padà: àdán fúnra rẹ̀ fò wá bá wa, a ní kì í ṣe àdán nítorí pé ó pààrọ̀ orúkọ, òòbẹ̀ gbé agbádá àdán wọ̀, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a ń kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọmọ Ọ̀ràngún, ilẹ̀ tí egúngún Eléwe ti ń jó, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, ó ṣì ku díẹ̀ nínú àwọn àgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó àti ní Kàdúná, tí wọ́n rìn dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì padà wálé ti àwọn ti ìkòkò tábà lẹ́nu. Kì í ṣe ìkòkò amọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi ń fa tábà lóko o. Ìkòkò onígi dídán ni, tábà inú rẹ̀ sì ti òkèèrè wá nínú agolo. N ó fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ gbogbo wọn, n ó sì máa pè é ní Bàbá Alágolo, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ni mo ń bá wí. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Bàbá Alágolo a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ṣí agolo Dunhill rẹ̀, a fi ìka méjì bu tábà, a rọra kì í sínú ìkòkò, a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, a ṣá ìṣáná, a jẹ́ kí iná àkọ́kọ́ kú, a tún tábà náà tẹ̀, a sì ṣá ìṣáná kejì. Nígbà tí èéfín bá wá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, a di ojú, a mi orí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ní kí ó máa bá wọn ṣọ́ ọ. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ka ìkìlọ̀ ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ sí i létí, pé ẹni tí ń fa sìgá lè kú ní kékeré, a bú sẹ́rìn-ín, a ní òun ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí bí òun ṣe lè kú ní kékeré mọ́.

Ní ọdún 2018 ni ìròyìn dé pé tábà ìkòkò tí ń jẹ́ Dunhill kò ní sí lórí igbá mọ́. Ọ̀fọ̀ ṣẹ Bàbá Alágolo. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí fi arọ́pò ránṣẹ́ lóríṣiríṣi. Èyí tí ó kọ́kọ́ dé, ó ní ó dùn jù, pé bisikíìtì ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Èkejì, tí Latakia pọ̀ nínú rẹ̀, ewé tí wọ́n ń fi èéfín igi yan títí yóò fi dúdú, ó ní ààrò ẹlẹ́ja ni ó ń rùn. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ṣí wò, ó ní agolo rẹ̀ kò ní ọ̀wọ̀. Nígbà tí ó yá, ó sọ ara rẹ̀ di apòpò tábà: ó gé èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, ó da oyin lé e, ó fi ewé tábà tí àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn gbìn kún un, ó sì gbé e ka iná títí ìyàwó rẹ̀ fi wá gba ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, “Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èéfín lẹ ń wá ni, àbí agolo?” Bàbá kò dá a lóhùn.

Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn. Alfred Dunhill ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní òpópónà Duke ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1907. Nígbà tí ó di ọdún 1981, pípò tábà náà bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Murray ní Belfast. Lẹ́yìn ọdún 2000, Belfast pẹ̀lú gbé e sílẹ̀, ó di iṣẹ́ àwọn ará Dẹ́nmáàkì. Ọwọ́ ń yí, bàbá ń fa tábà rẹ̀, kò ké gbàjarè, nítorí orúkọ ara agolo kò yí. Nígbà tí ó wá di ọdún 2019, tábà náà tún jáde, àpòpọ̀ kan náà, àfi pé orúkọ Peterson, ilé oníkòkò àtijọ́ ti Dublin, ni wọ́n fi sí ibi tí orúkọ Dunhill wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí bàbá ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀: agolo kẹta tí ó ní kò ní ọ̀wọ̀ ni! Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí kì í ṣe òmùgọ̀, dìde lóru, ó da tábà Peterson náà sínú agolo àtijọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lu itan, ó ní, “Èyí gan-an ni!” Nígbà tí ọmọ náà jẹ́wọ́, ojú kò ti bàbá rárá, ó ní agolo ni ó kọ́ tábà náà níwà.

Àrùn yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Tábà Balkan Sobranie, tí òkìkí rẹ̀ kàn lọ́dọ̀ àwọn afàkòkò, pòórá lórí igbá, wọ́n sì jí orúkọ náà dìde ní ọdún 2011 lọ́wọ́ apòpò mìíràn, àwọn ènìyàn sì ń sáré dù ú rà. Níbi kan, ewé wà, orúkọ kò sí, a sunkún. Níbi kejì, orúkọ wà, ọwọ́ tí ń pò ó ti yàtọ̀, a yọ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àwa sì ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju ẹni tí ó sọ ọ́ lọ.

Bí a bá sì wẹ̀yìn wò, tábà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní ayé òwò ẹrú, èyí tí ó gbayì jù ní Wídà, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó ni tábà Bahia láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ojúlówó rẹ̀, Lisbon ni ó ń lọ. Pàǹtí rẹ̀, tí wọ́n fi sí ipò kẹta, ni wọ́n ká jọ, tí wọ́n fi oyin ìrèké pa lára, tí wọ́n sì kó wá sí etíkun wa. Kò pẹ́ tí pàǹtí fi di ààyò: àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti ará Hólàndì kó tábà tiwọn dé, àwọn oníṣòwò etíkun yí imú sí i, wọ́n ní Bahia ni àwọn mọ̀. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n sì fi ń san owó rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Bí àjẹkù bá pẹ́ lẹ́nu, ẹlẹ́nu a máa pè é ní àdídùn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwọn tí òwe àgbà yé, kí ó gba Òmù-Àrán lọ sí Èsìẹ́. Ìtàn wọn ni pé nígbà tí àwọn baba wọn ti Ọ̀yọ́-Ilé dé ibẹ̀, ère òkúta ni wọ́n bá nínú igbó, ó lé ní ẹgbẹ̀rún, tọkùnrin tobìnrin, àwọn mìíràn jókòó lórí àpótí, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọwọ́ tí ó gbẹ́ wọn. Àwọn ará Èsìẹ́ kò ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n fi èyí tí ó jọ ti ilé ránṣẹ́. Ìlú ń fẹ́ ààbò, ìlú ń fẹ́ ọmọ, wọ́n gba ohun tí wọ́n bá, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún 1933 ni òyìnbó Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ìwé ìjọ C.M.S., kéde wọn fún ayé. Ní ọdún 1945, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ wa, ọmọ ilé ìwé Bàbá Alágolo ni wọ́n. Ní ọdún 1972 wọ́n sọ ilé iṣẹ́ mànàmáná di NEPA. Ní ọdún 2005 wọ́n sọ ọ́ di PHCN. Ní ọdún 2013 wọ́n pín in fún àwọn aládàáni. Wọ́n pààrọ̀ agolo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òkùnkùn inú rẹ̀ kò pààrọ̀ adùn. Ará ìlú tí iná ni ó ń wá kò tilẹ̀ ka orúkọ sí: bí iná bá tàn lálẹ́ òní, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní ọdún 2005 ni yóò bẹ́ sókè tí wọn yóò máa pariwo “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!”

Nítorí náà, kí Bàbá Alágolo tó tún kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó wo ẹbọ tí ó ń rú wò dáadáa. Ó rò pé ewé ni òun ń jó. Àyà ara rẹ̀ ni. Ikọ́ tí ń jí i láàárọ̀ ti sọ fún un tipẹ́tipẹ́, nítorí èéfín ni ìwà, ríru ní í ru. Tábà ní arọ́pò ní Dublin, ó ní ní Dẹ́nmáàkì, ó ní ní Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láti ọjà Òmù-Àrán títí dé òpópónà Duke, a kò tíì rí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀dọ̀fóró nínú agolo, yálà ó ń jẹ́ Dunhill tàbí ó ń jẹ́ Peterson.